Ta ló ní kí ẹ máa yí ọwọ́?

Ní Sátidé tó kọjá, bùrọ̀dá kan tó ti ń gbá gọ́ọ̀fù tipẹ́ dúró ti ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ó ń pariwo: "Yí ọrùn ọwọ́ ẹ! Tí irin orí ọ̀pá bá ti fẹ́ kan bọ́ọ̀lù báyìí, yí i!" Ọmọ náà yí i. Bọ́ọ̀lù wọ́ nílẹ̀, ó ya sósì, ó di inú igbó. Bùrọ̀dá ní kò yí i tó.

Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Láti ìgbà tí ọ̀pá bá ti ń bọ̀ látòkè títí tó fi máa kan bọ́ọ̀lù, nǹkan bí ìdámẹ́rin ìṣẹ́jú àáyá kan péré ni. Kí ojú rí nǹkan kí ọwọ́ tó dáhùn, nǹkan bí ìdámárùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ti lọ níbẹ̀. Irin àti bọ́ọ̀lù fúnra wọn ńkọ́? Nǹkan bí 0.0005 ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n fi ń kan ara wọn. Ìgbà wo lẹ fẹ́ ráyè yí ọwọ́? Kẹ́ ẹ tó sọ "ó yá" nínú ọkàn yín, bọ́ọ̀lù ti lọ. Ẹni tó ń mọ̀ọ́mọ̀ yí i, àméfò ló ń ṣe: tó bá yá jù, òsì, tó bá pẹ́, ọ̀tún.

Ẹ ti fi àdá ṣán koríko rí nílé ìwé, àbí? Ta ló kọ́ yín pé kí ẹ yí ọwọ́ kí àdá tó dé ìdí koríko? Ẹ kàn ju apá ni, àdá tó wà lẹ́yìn sì sáré bá ọwọ́ níwájú. Bẹ́ẹ̀ náà ni irin orí ọ̀pá. Ó wúwo, ó sì jìnnà sí ọwọ́. Bí ara bá ti yí, tí apá ń bọ̀, á ju ara ẹ̀ síwájú, á fa apá yí láti ìgbọ̀nwọ́ wá. Ohun tí wọ́n ń pè ní rìlíìsì nìyẹn. Fọ́tò àwọn ọ̀gá tí apá ọ̀tún wọn gun orí tòsì tẹ́ ẹ máa ń gbé jáde? Bọ́ọ̀lù ti lọ kí wọ́n tó yà á.

Ọdún méjì lèmi náà fi yí ọwọ́. Kádì, ẹni tó ń bá mi ru àpò ọ̀pá, tó sì ń bá mi wá bọ́ọ̀lù nínú igbó, ló mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Àṣé bí mo ṣe di ọ̀pá mú ni. Mo yí ọwọ́ òsì sọ́tùn-ún díẹ̀ lórí ọ̀pá, títí mo fi ń rí oríkèé ìka méjì bí mo bá wolẹ̀, mo sì yéé fún un bí ẹni ń fún aṣọ.

Ó dáa, àwọn kan wà tí ọwọ́ wọn gan bí igi, tí yíyí i jẹ́jẹ́ láìsí bọ́ọ̀lù lè ràn lọ́wọ́. Mi ò jà sí yẹn.

Nígbà tí bùrọ̀dá lọ ra omi, mo ní kí ọmọ náà dorí ọ̀pá kodò, kó di ibi irin mú, kó fì í. Ìró "fììì" yẹn, apá ẹsẹ̀ òsì ló yẹ kó ti dún. Tiẹ̀ ń dún lẹ́bàá ejìká ọ̀tún, torí òkè ló ti ń ná gbogbo agbára ọwọ́ ẹ̀ tán. Mo ní kó gbàgbé ọwọ́, kó jẹ́ kí ìdí ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mẹta, ẹ̀yìn náà ni. Ẹ̀ẹ̀kẹrin, fììì, níwájú gan-an. Ó dá ọ̀pá padà, ó gbá bọ́ọ̀lù, ó lọ gbọnrangandan.

Bùrọ̀dá ń bọ̀ pẹ̀lú ike omi lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! Ṣó o wá rí i bó o ṣe yí i yẹn?"