Ọta wo, ibo lára àgbọ̀nrín?

Ọmọ-Ọdẹ Tuntun: Ẹ̀yin àgbà ọdẹ, mo kí yín o. Ìbọn ráífù .308 ni mo ní, awò wà lórí rẹ̀. Àgbọ̀nrín ni mo fẹ́ lọ dọdẹ, ìgbà àkọ́kọ́ mi sì nìyí. Níbi tí mo máa lúgọ sí, ẹran ò lè jìnnà sí mi ju 100 mítà lọ. Ìbéèrè méjì ni mo ní. Ọta tó wúwo tó 150 grain ni kí n kó lọ ni, àbí 180? Ṣé ẹ̀yìn èjìká ni kí n fojú sùn, àbí egungun èjìká gan-an, kó lè wó lulẹ̀ níbẹ̀? Mi ò fẹ́ kí ẹran jìyà. Ẹ ṣeun.

Ìyá Ráífù: Káàbọ̀, àbúrò. Ní 100 mítà, 150 ti tó. Ọta 150 nínú .308 ń jáde lẹ́nu ìbọn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 2,800 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 180 ń lọ ní nǹkan bí 2,600. Àgbọ̀nrín ò ní mọ ìyàtọ̀. Ibi tó bá a ló máa mọ̀. Jẹ́ kó dúró ní ìbú, kó fi ìhà hàn ọ́. Fi ojú tẹ̀lé ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ lọ sókè. Tó o bá ti gun ara rẹ̀ dé ìdá kan nínú mẹ́ta láti ìsàlẹ̀, sún sẹ́yìn díẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀fóró wà, ọkàn wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ gẹ́lẹ́. Egungun èjìká lè mú kó wó lóòótọ́, àmọ́ ẹran apá á bàjẹ́, bó o bá sì ṣì í díẹ̀ síwájú, ẹran iwájú àyà nìkan ló máa gbá, kò ní kú bọ̀rọ̀.

Pariwo-Kó-Yé-Wọn: Ẹ̀yìn èjìká.

Ṣé-Mo-Pẹ́: 150 ti jìn jù fún ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́. 180 wá ńkọ́? Ká má rí i! Sún mọ́ ẹran dáadáa, kó má ju 60 lọ.

Ọmọ-Ọdẹ Tuntun: Ẹ̀gbọ́n, ìwọ̀n ọta ni 150 yẹn o. Kì í ṣe mítà.

Ṣé-Mo-Pẹ́: Ohun tí mo sọ náà nìyẹn. Ó jìn.

Mẹ́fà-Ààbọ̀: Ìmọ̀ràn mi ni pé kó o pààrọ̀ ìbọn. Láti 1952 ni .308 ti wà. 6.5 Creedmoor dé ní 2007, ọta rẹ̀ gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, afẹ́fẹ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ darí rẹ̀, kì í sì í ti èjìká ẹni sẹ́yìn bíi .308. Ẹni tí ìbọn rẹ̀ bá ń tì í, á máa di ojú kó tó yìn ín.

Ẹ̀rín-Ò-Tán: Mo ti ń retí yín! Bí ènìyàn bá bèèrè bí wọ́n ṣe ń so okùn bàtà níbí, Mẹ́fà-Ààbọ̀ á ní kó ra 6.5 Creedmoor.

Ọ̀sán-Gangan: Orí mi ń fọ́ láti àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n Mẹ́fà-Ààbọ̀, ṣé ẹyọ kan ni kí n lò àbí méjì?

Ẹ̀rín-Ò-Tán: Kàn lò ó lẹ́yìn oúnjẹ 😂

Mẹ́fà-Ààbọ̀: Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ní 400 mítà ni ẹ ó wá mi wá.

Ìyá Ráífù: 100 mítà ni ọmọ yìí sọ. Ó sì ti ní ìbọn.

Kọ́pùrá Fẹ̀yìntì: Ọta tí wọ́n fi bàbà bò látòkè délẹ̀, irú èyí tí àwa lò lẹ́nu iṣẹ́ ológun, ni kó o rà. Á wọlé tààrà, á jáde tààrà, kì í ba ẹran jẹ́. Ọdún 22 ni mo fi lò ó.

Ìyá Ráífù: Kọ́pùrá, ẹ kú iṣẹ́ ìlú, àmọ́ ẹ má fi èyí kọ́ ọmọ. Wíwọlé tààrà, jíjáde tààrà yẹn gan-an ni wàhálà. Ihò rẹ̀ kéré, ẹran á gbé e sá lọ, á kú síbi tí ẹnikẹ́ni ò ní rí i. Ìkéde Hague ti 1899 ló ní kí àwọn ológun má lo ọta tó ń là nínú ara ènìyàn, ìyẹn ni wọ́n fi ń lo èyí tí wọ́n bò. Ti ẹran yàtọ̀ pátápátá. Òfin àgbọ̀nrín ti 1991 ní England àti Wales sọ ọ́ ní kedere: tó bá jẹ́ ráífù, ọta tí imú rẹ̀ rọ̀ tàbí tí imú rẹ̀ ní ihò nìkan ni kí wọ́n fi yin àgbọ̀nrín. Irú ọta bẹ́ẹ̀ máa ń là bí òdòdó bó bá ti wọ ara, á fọ́ ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì. Ọmọ-Ọdẹ, mú èyí lọ́kùn-únkúndùn ju 150 tàbí 180 lọ.

Kọ́pùrá Fẹ̀yìntì: Mo gbọ́. Àmọ́ kì í ba ẹran jẹ́, òótọ́ ni mo sọ.

Pariwo-Kó-Yé-Wọn: Ẹ̀YÌN ÈJÌKÁ. Kí ló kù?

Bàbà-Pupa: Ó yà mí lẹ́nu pé kò sẹ́ni tó tíì dárúkọ òjé. Ọta òjé máa ń fọ́ yẹ́lẹyẹ̀lẹ nínú ẹran, àwọn èérún rẹ̀ ń fọ́n jìnnà sí ojú ihò, òmíràn wà tí ojú ò lè rí. Ẹ̀yin àti ọmọ yín lẹ máa jẹ ẹran náà. Àwọn kọ́ńdọ̀, igún ńláńlá California, ń jẹ ìfun tí ọdẹ bá fi sílẹ̀ nínú igbó, májèlé òjé inú rẹ̀ sì ń pa wọ́n. Láti Oṣù Keje 2019 ni California ò ti gba ọta òjé láàyè fún ọdẹ kankan mọ́. Denmark náà ti fòfin de ọta òjé fún ráífù láti Oṣù Kẹrin 2024. Ọta tó jẹ́ kìkì bàbà, tó sì ń là, ni kó o rà, àbúrò.

Òjé-Ṣì-Wà: Bàbà, bàbà, bàbà! Baba mi lo òjé, baba tó bí i lo òjé, kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ kú nínú wọn. Bàbà le. Bí kò bá sáré tó, kò ní là, á kan gba ara ẹran kọjá bí abẹ́rẹ́ ni. Ṣé ìyẹn lẹ fẹ́ kí ọmọ náà fi bẹ̀rẹ̀?

Bàbà-Pupa: Àgbọ̀nrín èṣí lẹ ń jẹ lọ́bẹ̀. Bàbà fúyẹ́ ju òjé lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń lo bàbà fi máa ń yan ọta tó kéré sí i kó lè sáré. 150 dára, 130 náà dára. Ní 100 mítà, ìyára .308 ṣì pọ̀ gan-an, á là.

Òjé-Ṣì-Wà: Ẹ ò dáhùn ti baba mi.

Orí-Ló-Dájú: Gbogbo yín ń fi àkókò ṣòfò. Orí. Yìn ín lórí. Á ṣubú síbi tó dúró sí, kò ní gbọ́ ìró ìbọn rárá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń yìn ín sẹ́yìn èjìká, ẹ̀yin náà lẹ ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ẹran kiri lóru.

Baba Atọpa-Ẹ̀jẹ̀: Mo ní ajá tó ń tọ ẹ̀jẹ̀. Bí ẹran bá gbé ọta sá lọ, èmi ni àwọn ọdẹ ń pè, nítorí náà ohun tí ẹni tó yìnbọn ò padà rí, èmi ń rí i. Abo àgbọ̀nrín kan wà tí wọ́n yìn lórí. Ẹni tó yìn ín ní òun tàsé, torí ẹ̀jẹ̀ ò pọ̀ nílẹ̀. Ọjọ́ kẹrin la tó rí i lẹ́bàá odò. Àgbọ̀n ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti já, ó ń rọ̀ dirodiro, ahọ́n rẹ̀ ti wú. Omi wà níwájú rẹ̀, kò lè mu ún. Ó ń wò wá, kò lè dìde. Èmi ni mo pa á. Ọpọlọ tẹ́ ẹ ní kí ọmọ fojú sùn yẹn ò tó ìkúùkù àgbà, orí tó gbé e kì í sì í sinmi: á jẹko, á gbójú sókè, á yíjú padà bí ẹ ṣe ń yìn ín lọ́wọ́. Ẹ̀dọ̀fóró tóbi, kì í sì í yíjú padà.

Orí-Ló-Dájú: Ẹni yẹn ò mọ ìbọn yìn ni. Ìwọ náà, bóyá torí o ò mọ̀ ọ́n yìn lo fi ń fi ajá ṣiṣẹ́.

Ọ̀sán-Gangan: Háà! Bàbá lo ń pè ní «ìwọ»?

Orí-Ló-Dájú: Mo mọ ọjọ́ orí rẹ̀ ni? Ṣé mo rí irun rẹ̀ níbí?

Ọ̀sán-Gangan: Orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Baba!

Orí-Ló-Dájú: Orúkọ tèmi bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Orí. Ṣé ẹ ti dọ̀bálẹ̀ fún mi?

Ẹ̀rín-Ò-Tán: Orí o! 😂😂 Èyí dùn. Mo ti dọ̀bálẹ̀.

Ìyá Ráífù: Kò dùn. Ènìyàn lè jiyàn láìrí àgbà fín. Tọrọ àforíjì lọ́wọ́ bàbá.

Orí-Ló-Dájú: Fún kí ni? Ọdún 11 ni mo ti ń yìn ín lórí.

Baba Atọpa-Ẹ̀jẹ̀: Ẹ fi sílẹ̀, mi ò bínú. Àgbọ̀n tó já yẹn ni kó dá lóhùn.

Orí-Ló-Dájú: Mo dáhùn. Bell, ọdẹ ọmọ Scotland yẹn, pa erin tó lé ní 1,000, ráífù kékeré 7mm ló fi pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ọpọlọ ló ń yìn wọ́n sí. ERIN o. Ẹ̀yin ń bẹ̀rù orí àgbọ̀nrín.

Ìyá Ráífù: Bell fi ayùn la agbárí erin sí méjì kó lè mọ ibi tí ọpọlọ wà. Ọta tí kì í là ló sì lò, torí egungun erin nípọn. Kí ni ìyẹn kàn wá níbí? Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo la agbárí àgbọ̀nrín rí?

Orí-Ló-Dájú: Ẹ̀ẹ̀mejì.

Mẹ́fà-Ààbọ̀: Ká ní Bell wà láyé lónìí, 6.5 ló máa lò.

Kọ́pùrá Fẹ̀yìntì: Ẹ rí i? Bell lo ọta tí kì í là. Mo ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ráífù: Erin ni, Kọ́pùrá! Erin!

Ọmọ-Ọdẹ Tuntun: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà. Bí ẹran ò bá wá dúró ní ìbú ńkọ́? Bó bá yí ara, tó kẹ́yìn sí mi díẹ̀?

Pariwo-Kó-Yé-Wọn: Ẹ̀YÌN ÈJÌKÁ!!!

Baba Atọpa-Ẹ̀jẹ̀: Rárá o, kì í ṣe nígbà yẹn. Bó bá kẹ́yìn sí ọ díẹ̀, èjìká òdìkejì ni kó o fi sọ́kàn, kí ọta lè gba inú àyà kọjá lọ síbẹ̀. Á wọlé níbi egungun ìhà, sẹ́yìn ju bó o ṣe rò lọ. Bó bá kọjú sí ọ tàbí tó kẹ́yìn sí ọ tààrà, dúró. Á yí. Bí kò bá yí, jẹ́ kó lọ.

Pariwo-Kó-Yé-Wọn: Ẹ̀YÌN ÈJÌKÁ NI. Ẹ MÁ DA ỌMỌ LÓRÍ RÚ.

Baba Atọpa-Ẹ̀jẹ̀: Ohun tí kò sẹ́ni tó sọ fún ọ ni ti lẹ́yìn ìbọn. Kódà ẹran tí ọta bá lọ́kàn ṣì lè sáré tó 100 mítà. Má sáré tẹ̀ lé e. Wo bó ṣe ṣe: èyí tó bá ta ẹsẹ̀ ẹ̀yìn sókè, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọkàn. Èyí tó bá ká ẹ̀yìn tó sì rọra ń rìn lọ, ìfun ni. Jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó o tó lọ wo ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ pupa fẹ́ẹ́rẹ́ tó ń hó jẹ́ ti ẹ̀dọ̀fóró, kò ní jìnnà. Èyí tó pupa dúdú jẹ́ ti ẹ̀dọ̀, fún un ní wákàtí mélòó kan. Bó o bá rí koríko lílọ̀ nínú rẹ̀ tó sì ń rùn, padà sílé. Wákàtí mẹ́jọ, ó kéré tán. Ẹran tí wọ́n yìn nífun á dùbúlẹ̀ nítòsí bí wọn ò bá lé e. Bó o bá lé e, o ti sọ ọ́ nù. Mo ti bá àwọn tó lé e kiri láàárín òru, tí wọ́n ń sunkún nígbà tí ilẹ̀ mọ́.

Bàbà-Pupa: Ẹ ṣeun, bàbá. Ọta bàbà máa ń jáde lódìkejì, ihò méjì nìyẹn, ẹ̀jẹ̀ tó máa wà nílẹ̀ á pọ̀.

Òjé-Ṣì-Wà: Ó ti dé! Òjé náà ń jáde. Kí ni bàbà ń ṣe fún inú ọ̀pá ìbọn yín, ẹ sọ ìyẹn. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọn.

Bàbà-Pupa: Ẹ fọ ìbọn yín.

Òjé-Ṣì-Wà: Ta ni kò fọ ìbọn? Ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?

Ọ̀sán-Gangan: Bàbá, irú ajá wo lẹ ní?

Baba Atọpa-Ẹ̀jẹ̀: Abo ni, ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú, etí gígùn. Ọdún mẹ́sàn-án. Okùn rẹ̀ tó mítà mẹ́wàá, mi ò ń tú u sílẹ̀. Bó bá ti gbé imú sílẹ̀, kò sí ẹran mìíràn tó lè fà á kúrò, kódà kí òmíràn sáré kọjá níwájú rẹ̀.

Orí-Ló-Dájú: Ó tó ìgbà wo tí ajá yín ṣì lè gbọ́ òórùn ẹ̀jẹ̀?

Baba Atọpa-Ẹ̀jẹ̀: Ọjọ́ kan kò pọ̀ jù fún un. Ìgbà wo lẹ yìn ín?

Orí-Ló-Dájú: Èmi kọ́ o. Ọ̀rẹ́ mi kan ni. Àná, nírọ̀lẹ́.

Baba Atọpa-Ẹ̀jẹ̀: Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kó má tẹ ibẹ̀ mọ́, kó má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. Kó fi nǹkan sàmì síbi tí ẹran dúró sí nígbà tí ìbọn ró, kó sì rántí ibi tó gbà lọ. Bó bá rí eérún egungun tàbí eyín nílẹ̀, kó má ṣà á, ó máa sọ ohun púpọ̀ fún wa. Fi ibi tó wà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Èmi àti ajá á gbéra báyìí.

Orí-Ló-Dájú: Ẹ ṣeun, bàbá. Màá sọ fún un.