Ahọ́n dúdú kọ́ ni ẹ̀rí májèlé

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé kí á má mu Pepto-Bismol mọ́, oògùn aláwọ̀ píǹkì tí wọ́n ń mu fún inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru. Wọ́n ní irin bismuth inú rẹ̀ ń tú ìtànṣán olóró jáde, àti pé ahọ́n tó ń dúdú lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀rí. Wọ́n lọ́ irọ́ mọ́ òótọ́ ni.

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé lọ́dún 2003, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní ilẹ̀ Faransé fi hàn pé átọ̀mù bismuth, ìyẹn ẹyọ rẹ̀ tó kéré jù lọ, máa ń fọ́, tí á sì tú ìtànṣán jáde. Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ń falẹ̀ tó: nínú odidi gíráàmù kan, átọ̀mù kan péré ló ń fọ́ láàárín bí ọjọ́ 3 sí 4. Pọtásíọ̀mù inú ara ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ó lé ní 3,000 tó ń fọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo!

Ahọ́n ńkọ́? Bismuth ló pàdé imí-ọjọ́ díẹ̀ tó wà nínú itọ́, tí àwọn méjèèjì sì di èròjà dúdú. Ìgbẹ́ náà lè dúdú. Tí ẹ bá ti dá oògùn náà dúró, kì í pẹ́ lọ.

Ohun tó yẹ kí wọ́n kìlọ̀ rẹ̀ gan-an, wọn ò mẹ́nu bà á. Ìbátan aspirin wà nínú oògùn yìí, nítorí náà kò yẹ ọmọdé tí fúlúù ń ṣe. Àmujù náà léwu: ní Faransé láàárín ọdún 1970 sí 1979, àwọn kan tó ń lo oògùn oníbismuth fún ìgbà pípẹ́ kó àrùn ọpọlọ.