Èsì wa sí oníbàárà wa tó ra gíàbọ́ọ̀sì Camry Big Daddy

Ẹ̀gbọ́n wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú ìrọ́jú. A ti ka ohun tí ẹ kọ. Ẹ ní Camry Big Daddy 2004, plọ́ọ̀gì mẹ́rin, lẹ sọ fún wa. Ẹ ní gíàbọ́ọ̀sì tí a fi ránṣẹ́ sí yín láti Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Èkó, wọ ẹ́ńjìnnì rẹ́gí, àmọ́ wáyà rẹ̀ kò bá ti ọkọ̀ mu, iná check engine kò kú, ọkọ̀ kò sì pààrọ̀ gíà bó ṣe yẹ. Mẹkáníìkì yín fi ọjọ́ méjì ṣòfò lórí ẹ̀. Ẹ wá ní ayédèrú la tà fún yín, ẹ fún wa ní ìràwọ̀ méjì.

Ẹ̀gbọ́n, gíàbọ́ọ̀sì yẹn kì í ṣe ayédèrú, kò sì bàjẹ́. Ti ọkọ̀ míì ni. Ẹ̀bi wa ni, nítorí ọdún ọkọ̀ nìkan la bi yín, ọdún ò sì tó mú gíà fún èèyàn.

Ẹ jẹ́ kí n là á, torí ẹlòmíì tó ń wá gíà Big Daddy lè bá ibí kọjá. Láti 2002 dé 2006 la ń pè ní Big Daddy. Èyí tó jẹ́ plọ́ọ̀gì mẹ́rin láti Amẹ́ríkà, ẹ́ńjìnnì 2AZ-FE ló wà nínú gbogbo wọn. Gíà ló yàtọ̀. Ti 2002 sí 2004 ń lo U241E, onígíà mẹ́rin. Ti 2005 àti 2006 ń lo U250E, onígíà márùn-ún. Àwọn méjèèjì ló ń dè mọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, ìdí nìyẹn tí mẹkáníìkì yín kò fi fura títí ó fi kan wáyà. Brain box (kọ̀ǹpútà tó ń darí ọkọ̀) onígíà márùn-ún ń wá solenoid, ìyẹn fáàfù oníná inú gíà, tí kò sí nínú onígíà mẹ́rin. Kò sí bí iná yẹn ṣe máa kú.

Wọ́n yí iwájú àti iná ẹ̀yìn padà díẹ̀ ní 2005, ṣùgbọ́n ẹ má fi ìyẹn ra gíà o. Mélòó la ti rí tó jẹ́ 2003, tí wọ́n ti gbé iná 2006 sí i kó lè dà bí tuntun!

Nígbà tí ẹ fi fọ́tò ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ránṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ yé wa. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ọkọ̀ ti ta sára bébà tó wà níbẹ̀, ẹ sì ti rọra fi aṣọ nù ún kí á lè rí i kà. Lókè rẹ̀, 09/04 ló wà níbẹ̀. Oṣù tí wọ́n ṣe ọkọ̀ nìyẹn, òun náà ló jẹ́ kí ìwé ọkọ̀ yín máa jẹ́ 2004. Ẹ ò parọ́ fún wa. Ṣùgbọ́n ẹ ka nọ́mbà ṣáṣí láti ọwọ́ òsì, kí ẹ ka lẹ́tà mọ́ ọn: ìkẹwàá, tó ń sọ ọdún mọ́dẹ́lì, jẹ́ 5. Mọ́dẹ́lì 2005 ni. Nísàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ibi tí wọ́n kọ C/TR (àwọ̀ ọkọ̀) sí, ẹ óò rí A/TM (irú gíà), U250E ló sì parí ìlà yẹn; U241E la sì ti fi ránṣẹ́ sí yín. Ìlà kékeré yẹn ló yẹ ká ti bi yín láti ọjọ́ kìíní.

A ti fi U250E yín ránṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Owó wébíìlì àlọ àtàbọ̀, tiwa ni. Owó tí mẹkáníìkì gbà lórí iṣẹ́ àkọ́kọ́ náà, ẹ fi iye rẹ̀ ránṣẹ́, a máa san án. Láti òní lọ, a ò ní di gíà kankan fún ẹnikẹ́ni láìrí fọ́tò ẹnu ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹ dákun, ẹ má tíì ta ògbólógbòó gíà yín fún àwọn onírin. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tó ń bọ̀, kí ẹ fi ojú wé ẹnu wáyà wọn àti ìsàlẹ̀ wọn kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà. Kí mẹkáníìkì fọ páìpù ọ́ìlì tó lọ sí rediétọ̀, torí ẹ̀rún irin tó kù síbẹ̀ láti ara gíà àtijọ́ ló ń pa tuntun. Kó sì ti converter (ìkòkò olóọ́ìlì tó wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti gíà) wọ inú gíà, kó máa yí i títí yóò fi jókòó dáadáa, kó tó fi bóòtù mú gíà mọ́ ẹ́ńjìnnì. Bí kò bá jókòó, pọ́ńpù inú gíà ló máa fọ́.

Tó bá ti dè é tán, kó pè wá kó tó da ọ́ìlì sí i.