Kóòdù P205D kò sọ pé sẹ́ńsọ̀ ti kú

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé bí skánà (ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe ọkọ̀) bá ti gbé P205A, P205B, P205C tàbí P205D jáde (lórí ọkọ̀ akẹ́rù, nọ́ńbà rẹ̀ ni SPN 3031), sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn bí omi DEF (omi yúríà tí ọkọ̀ fi ń dín èéfín olóró kù) ṣe gbóná tó nínú táǹkì ti bàjẹ́ nìyẹn, kí wọ́n ra tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì, sẹ́ńsọ̀ yìí, èyí tó ń wọn iye omi àti híítà jọ wà lára ẹ̀yà kan ṣoṣo ni, kì í sì í ṣe owó kékeré ni wọ́n ń rà á.

Bí sẹ́ńsọ̀ náà bá ṣe ń gbóná ni résísítáǹsì rẹ̀ (bó ṣe ń dí iná lọ́wọ́) ń lọ sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń fi fólìtì 5 ránṣẹ́ sí i. Bí nǹkan bá já níbikíbi lójú ọ̀nà, fólìtì náà á dúró nítòsí 5, P205D á wọlé, skánà á sì ka -40°C. Bẹ́ẹ̀ omi DEF ti ń dì ní -11°C! Ibi tó ti já gan-an, skánà ò mọ̀ ọ́n.

Ẹ pa ọkọ̀, ẹ yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì sẹ́ńsọ̀, kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Bí ẹ bá rí ohun funfun tó dì bí iyọ̀, omi DEF ti wọ ibẹ̀, ó sì máa ń jẹ kọ́pà. Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí kò ní èròjà kankan nínú lẹ ó fi fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bí irin inú rẹ̀ bá ti di aláwọ̀ ewé, pípààrọ̀ ló kù.

Ẹ wá ṣí kọ́kọ́rọ́ láì dá sọ́kẹ́ẹ̀tì padà: fólìtì lórí wáyà signal (èyí tó ń gbé ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà lọ sí kọ̀ǹpútà) gbọ́dọ̀ sún mọ́ 5. Ẹ fi wáyà kékeré so signal pọ̀ mọ́ ground (wáyà ilẹ̀) ní ìhà wáyà ọkọ̀ (ẹ wo àwòrán wáyà ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ má baà so èyí tó gbé iná): ó gbọ́dọ̀ já sí nítòsí 0. Bí méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ló jẹ̀bi. Bí kò bá yí padà, ẹ tọpa wáyà. Fólìtì ni kẹ́ ẹ máa wò, torí àwọn kọ̀ǹpútà kan máa ń gbé iye àfidípò síta bí kóòdù bá ti wọlé.

P205B yàtọ̀: ohun tó ń sọ ni pé ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà kò bá bó ṣe yẹ mu. Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ sùn mọ́jú, kẹ́ ẹ fi ohun tí sẹ́ńsọ̀ kà wé ti afẹ́fẹ́ ìta àti ti omi ẹ́ńjìnnì. Bí wọ́n bá sún mọ́ra, àmọ́ tí táǹkì ń gbóná ju bó ṣe yẹ lọ lójú ọ̀nà, fáàfù tó ń gbé omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì wá sí táǹkì ló ṣeé ṣe kó há ní ṣíṣí. Òótọ́ ni sẹ́ńsọ̀ ń sọ.