Èsì sí oníbàárà wa lórí sílíńdà irin tòkunbọ̀ tí wọ́n rà

Ọ̀gá wa, ẹ kú ewu omi, ẹ sì ṣeun tí ẹ fara balẹ̀ kọ ohun tó wà lọ́kàn yín síbí. Ẹ ní ọ̀kan nínú sílíńdà irin méjì, ìyẹn àgbá afẹ́fẹ́ mímí tí ẹ fi ń mòòkùn lọ fọ ìdí ọkọ̀ ojú omi ti gbó jù, nítorí pé 1974 ló wà ní èjìká rẹ̀. Pé nígbà tí ẹ tú fáàfù rẹ̀, ìpẹtà pupa dà jáde. Àti pé ẹnì kan ti gbà yín nímọ̀ràn láti fi ásíìdì fọ inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ásíìdì yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, kí ẹlòmíràn má baà kà á níbí kó sì lọ ṣe é.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Bí ásíìdì ti ń jẹ ìpẹtà ló ń jẹ irin, irú irin líle yìí sì lè tipa bẹ́ẹ̀ sán lójijì láìfi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró yín ló ń lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí wẹ́dà tàbí àwọn tó ń kun mọ́tò fi iná jó ọ̀dà ara rẹ̀, nítorí iná tí wọ́n fi sè é nílé iṣẹ́ ló fún un lágbára, iná mìíràn sì lè gba agbára náà.

Ní ti ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ tún èjìká náà wò dáadáa. Lẹ́yìn DOT-3AA2250, tó ń sọ irú irin rẹ̀ àti bí afẹ́fẹ́ tó lè gbà ṣe tó, àti nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ó rí 6 àti 74, ìyẹn oṣù àti ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dán an wò. Nísàlẹ̀ rẹ̀ ni 3 àti 24 wà, ìyẹn oṣù kẹta 2024 tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn, àmì kékeré ti ẹni tó dán an wò wà láàárín wọn, àmì + sì tẹ̀ lé e. Èyí ló yẹ kí ẹni tó ń ra irin tòkunbọ̀ máa wò. Bí wọ́n bá ń dán an wò, inú omi ni wọ́n máa ń gbé e sí, wọn á fi omi tì í nínú títí dé 3750 PSI (PSI ni ìwọ̀n bí omi tàbí afẹ́fẹ́ ṣe ń tì tó), wọn á sì wọn bó ṣe wú tó. Bí wọ́n bá tú u sílẹ̀ tí ohun tí kò padà nínú wíwú náà bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, wọ́n á dá a nù. Èyí tí ẹ rà yege, ó sì di 2029 kí wọ́n tó tún dán an wò. Sílíńdà alumíńọ́mù ni ọjọ́ orí rẹ̀ lè jẹ́ kí n kọminú, pàápàá àwọn tí wọ́n fi irú alumíńọ́mù aládàlù kan tí wọ́n ń pè ní 6351 ṣe ṣáájú 1988, tí ọrùn wọn lè sán.

Ìpẹtà náà ni ọ̀rọ̀ gan-an. Ẹ̀yin fúnra yín kọ ọ́ pé ẹ máa ń lò ó títí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fi tán pátápátá. Nígbà tí kò bá sí afẹ́fẹ́ tó ń ti jáde mọ́, omi iyọ̀ á gba ẹnu fáàfù wọlé, ẹ̀kán díẹ̀ sì ti tó. Ẹ jẹ́ kí ó ku 500 PSI kí ẹ tó gòkè. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń bá yín kún un ìgbà tó pààrọ̀ fílítà kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn, nítorí omi pọ̀ nínú afẹ́fẹ́ Èkó, fílítà ló sì yẹ kó gbà á. Ẹ kìlọ̀ fún un pẹ̀lú pé 2250 ni wọ́n kọ sára sílíńdà yìí, pé àmì + ló jẹ́ kí ó gbà dé 2475, kó má lọ kún un dé 3000 bí alumíńọ́mù.

Ohun kan tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù bẹ́ẹ̀ lọ. Irin tó ń dípẹtà ń jẹ ọ́síjìn. Sílíńdà tí omi wà nínú rẹ̀, tí ẹ kún tí ẹ sì tì mọ́lé fún ọ̀pọ̀ oṣù, afẹ́fẹ́ rẹ̀ kò ní rùn, ṣùgbọ́n ọ́síjìn rẹ̀ lè ti dínkù débi pé ẹni tó bá mí in lábẹ́ omi á dákú kó tó fura. Irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ tú u dànù. Ìdúró ni kí ẹ máa tọ́jú wọn, nítorí ìdí wọn nípọn ju ẹ̀gbẹ́ lọ, kí ẹ sì máa bọ́ rọ́bà ìdí wọn láti fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án.

Ẹ gbé méjèèjì wá. A ó ti iná tọ́ọ̀ṣì bọ inú wọn lójú yín. Bó bá jẹ́ ìpẹtà fẹ́ẹ́rẹ́ bí àtíkè ni, a ó da òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n ṣe fún un sínú rẹ̀, a ó yí i lórí ẹ̀rọ, a ó fi omi gbígbóná ṣàn án, a ó sì fi afẹ́fẹ́ gbígbóná gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Bí kòtò wẹ́wẹ́ bá ti jẹ irin wọlé, a ó dá owó yín padà, a ó sì lu sílíńdà náà nihò kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́. Títí ẹ ó fi dé, ẹ má ṣe kún èyí tó ní ìpẹtà.