Kì Í Ṣe Gbogbo Ẹni Tó Pé Ọdún 65 Ni Medicare Ń Tọ́jú Lọ́fẹ̀ẹ́

Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan wà tó ti tàn kálẹ̀: pé bí òbí ẹni bá ti gba green card, tó sì ti pé ọmọ ọdún 65, ìjọba àpapọ̀ yóò fi káàdì Medicare, ètò ìlera ìjọba fún àwọn àgbàlagbà, ránṣẹ́ sí i, wọn yóò sì máa tọ́jú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. A máa ń gbọ́ ọ níbi ìkómọjáde, a sì máa ń kà á lórí WhatsApp ẹgbẹ́ ọmọ ìlú. Àwọn tó ń sọ ọ́ kò purọ́ nípa ohun tí ojú wọn rí, nítorí wọ́n mọ aládùúgbò kan tí káàdì náà bá nílé láìjẹ́ pé ó béèrè fún un. Ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀ ni wọn kò mọ̀.

Aládùúgbò yẹn ti ń gba owó ìfẹ̀yìntì Social Security ní ó kéré tán oṣù mẹ́rin kí ó tó pé ọdún 65, irú wọn sì ni ìjọba máa ń forúkọ wọn sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Láyé àtijọ́, ọdún 65 kan náà ni ènìyàn ń gba owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ní kíkún, nítorí náà ohun méjèèjì máa ń bọ́ sí àsìkò kan. Òfin ọdún 1983 ló yí i padà, tí ó fi jẹ́ pé ọdún 67 ni ẹni tí a bí ní 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀ yóò tó gba tirẹ̀ ní kíkún, ṣùgbọ́n Medicare kò kúrò ní 65. Ẹni tí kò bá tíì máa gba Social Security, ì báà jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà pọ́ńbélé, òun fúnra rẹ̀ ni yóò lọ forúkọ sílẹ̀.

Ní ti ọ̀fẹ́ tí a ń sọ, Part A nìkan, èyí tó wà fún ìtọ́jú ní ọsibítù, ni ènìyàn lè ní láìsan owó oṣooṣù, ẹni tó bá ti ní kírẹ́díìtì 40 ló sì wà fún, ìyẹn bí iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá tí a yọ owó orí Medicare lára owó rẹ̀. Ní 2025, ẹni tó bá rí dọ́là 1,810 lẹ́nu iṣẹ́ ti ní kírẹ́díìtì kan, mẹ́rin péré ni ènìyàn sì lè ní lọ́dún, bó ti wù kí owó rẹ̀ pọ̀ tó. Iṣẹ́ olùkọ́ tí bàbá fi ọgbọ̀n ọdún ṣe ní Ìbàdàn kò wọ inú ìṣirò yìí. Ìyá tó wá bá ọmọ rẹ̀ wẹ ọmọ tuntun, tó sì dúró tọ́ ọmọ-ọmọ mẹ́ta dàgbà láìgba owó oṣù, kò ní kírẹ́díìtì kankan níbẹ̀. Ibi tó dun àwọn ènìyàn jù nìyí: owó orí tí ọmọ ń san lóṣooṣù kò sọ òbí rẹ̀ di ẹni tó kúnjú ìwọ̀n. Iṣẹ́ ọkọ tàbí aya ni a lè fi ti ara ẹni lẹ́yìn. Bí bàbá bá ti ní kírẹ́díìtì 40, tó sì ti tó ọmọ ọdún 62, ìyá tó pé ọdún 65 lè gba Part A lọ́fẹ̀ẹ́ lórí iṣẹ́ bàbá.

Àṣìṣe kejì wá láti ara èkíní. Nígbà tí wọ́n bá sọ fún òbí kan pé kò ní kírẹ́díìtì, á jókòó sílé bí ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́, bẹ́ẹ̀ ó lè fowó ra á. Òfin gba ẹni tó ní green card, tó ti pé ọdún 65, tó sì ti gbé ní Amẹ́ríkà fún ọdún márùn-ún léraléra, láyè láti ra Part B, tó wà fún dókítà, tàbí kí ó ra Part A mọ́ ọn. Ní 2025, Part B jẹ́ dọ́là 185 lóṣù fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn tó ní Part A lọ́fẹ̀ẹ́. Part A fún ẹni tí kírẹ́díìtì rẹ̀ kò tó 30 jẹ́ dọ́là 518 lóṣù, tí ó bá sì wà láàárín 30 sí 39, dọ́là 285 ni. Dídi ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà máa ń mú ìdádúró ọdún márùn-ún náà kúrò, ṣùgbọ́n kò sọ Part A di ọ̀fẹ́. Kí àwọn òbí tó máa ń lọ lo ọ̀pọ̀ oṣù nílé ṣọ́ra o, nítorí ìrìn àjò tó bá gùn jù lè já ọdún márùn-ún náà. Ẹni tó tilẹ̀ ti ní Medicare kò lè retí pé Medicare yóò bá òun san owó ọsibítù ní Nàìjíríà.

Oṣù méje ni àkókò ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́: oṣù mẹ́ta ṣáájú oṣù tí ènìyàn kọ́kọ́ kúnjú ìwọ̀n, oṣù náà gan-an, àti mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá jẹ́ kí ó kọjá yóò dúró de àárín 1 Oṣù Kínní sí 31 Oṣù Kẹta, wọn yóò sì fi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó Part B rẹ̀ fún oṣù 12 kọ̀ọ̀kan tó fi pẹ́. Ní iye ti 2025, ẹni tó fi ọdún mẹ́ta gbáko falẹ̀ yóò máa san dọ́là 55.50 lé orí 185 yẹn, kò sì ní í dáwọ́ dúró níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ní Part B. Ẹni tí adójútòfò ibi iṣẹ́ tirẹ̀ tàbí ti ọkọ tàbí aya rẹ̀ ń bò, tí iṣẹ́ náà sì ń lọ lọ́wọ́, ni a yọ̀ǹda fún láti dúró.

Láàárín ọdún márùn-ún ìdúró yẹn, Marketplace, ọjà adójútòfò ìlera tí ìjọba ṣètò, ni ibi tó yẹ kí òbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba green card lọ, kí ó sì yára, nítorí ọjọ́ 60 ni wọ́n fún un láti ìgbà tí ipò ìgbélùú rẹ̀ yí padà. Medicaid, ètò ìlera ìjọba fún àwọn tí owó tó ń wọlé fún wọn kéré, ní ìdúró ọdún márùn-ún tirẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ láti ìgbà òfin 1996.

Ọ́fíìsì Social Security ni a ti ń forúkọ sílẹ̀ fún Part A àti Part B. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣírò ohun tó tọ́ sí òun lè wá àwọn olùdámọ̀ràn SHIP, ètò ìmọ̀ràn lórí Medicare, tó wà ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n ń gbà nímọ̀ràn, tí wọn kì í sì í ta nǹkan kan. Àwọn tó ń polówó lórí fóònù àti tẹlifíṣàn láti 15 Oṣù Kẹwàá sí 7 Oṣù Kejìlá, ọjà ni wọ́n ń tà, ẹni tó ti wà nínú Medicare tó fẹ́ pààrọ̀ ètò rẹ̀ ni àsìkò yẹn sì wà fún. Kò kan òbí tí kò tíì forúkọ sílẹ̀ rárá.