Òrùlé ọkọ̀ yìí tún ti há!

Òrùlé ọkọ̀ mi tó máa ń ṣí, tó máa ń padé fúnra rẹ̀, ó tún ti há o! Kò ṣí, kò padé, òjò sì ń rọ̀ sórí àga aláwọ. Ṣé ọkọ̀ olówó ńlá rèé àbí agbọ̀n? Lóṣù tó kọjá, rọ́bà inú sílíńdà, ọ̀pá ọlọ́ìlì tó ń gbé òrùlé, ló gbó, ọ́ìlì ń kán sí mi lórí. Lónìí, sẹ́ńsọ̀ kan tí kò tó èékánná, tó ń sọ ibi tí òrùlé dé fún ọkọ̀, ni kò ṣiṣẹ́, gbogbo òrùlé bá kú! A ní ká jẹ èkuru kó tán, ẹnìkan tún ń gbọn ọwọ́ rẹ̀ sáwo. Ihò tí omi ń gbà jáde ti dí, omi kún búùtù ẹ̀yìn ọkọ̀, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n sì gbé pọ́ǹpù tó ń ti ọ́ìlì sí sílíńdà òrùlé sí! Ta ló ronú irú èyí? Ọkọ̀ gbó, iye rẹ̀ já wálẹ̀. Kí ló dé tí owó ẹ̀yà ara ọkọ̀ ò já? Ẹ fa tapólì bò ó. Ó sú mi!